Iná lára iṣan, irin lẹ́sẹ̀: kí ló dé tí wọ́n fi ń lo méjèèjì pọ̀?

Ẹ ó ti rí irú fídíò yẹn rí. Ẹnì kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ jókòó, wọ́n de irin mọ́ ọn láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n wá lẹ àwọn páàdì pẹlẹbẹ kan mọ́ itan ẹ̀ tí wáyà jáde lára wọn, ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì, ẹni tó jókòó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àríyànjiyàn ti dé nìyẹn. Àwọn kan á ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi iná gbé ọmọ ọlọ́mọ báyìí, àwọn kan á ní róbọ́ọ̀tì ló ń rìn o, ẹrù lásán lẹni tó wà nínú ẹ̀, àwọn tó kù á ti máa dúpẹ́ pé wọ́n ti rí ìwòsàn fún ẹsẹ̀ tó rọ. Mo ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ìkankan tó tọ̀nà tán nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ba ibì kan tó jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

## Iṣan wo là ń sọ gan-an?

Èdè wa fúnra ẹ̀ wà lára ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú, torí "iṣan" là ń pe gbogbo ẹ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni. Èyí tó ń fà tá a fi ń gbé ẹsẹ̀, iṣan ni. Èyí tó ń gbé iṣẹ́ látinú ọpọlọ wá, iṣan náà ni. Tí dókítà bá wá ní "iṣan ló ní ìṣòro", ta ló fẹ́ mọ èyí tó ń wí? Nínú ọ̀rọ̀ tèmi yìí, iṣan ni ẹran ara tó ń fà tó sì ń dẹ̀, èyí tó máa ń le gbandi lápá tẹ́ ẹ bá ká ọwọ́ kò. Èyí tó dà bíi wáyà, tó ń gbé iṣẹ́ lọ tó ń gbé iṣẹ́ bọ̀, mo máa pè é ní nááfù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká pò wọ́n pọ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Báwo lẹsẹ̀ ṣe ń gbéra? Ọpọlọ á rán iṣẹ́, iṣẹ́ yẹn á gba nááfù kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, tó bá dé ibi tó yẹ kó yà, nááfù kejì á gbà á lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, òun láá wá gbé e jáde lọ bá iṣan itan pé ó yá, fà. Nááfù méjì ni o, bí àwọn tó ń sáré ìje tí wọ́n ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ fi nááfù kejì yẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Tí rọpárọsẹ̀ bá kọlu èèyàn, ọpọlọ tó ń rán iṣẹ́ ló fara pa. Tí èèyàn bá já bọ́ látòkè tàbí tó ní jàǹbá mọ́tò tí ọ̀pá ẹ̀yìn sì fara gbá a, ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ ti já, nááfù àkọ́kọ́ ni ò lè gbé e kọjá mọ́. Àmọ́ nínú méjèèjì, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé nááfù kejì ò kú, iṣan itan náà ò kú, wọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ń retí iṣẹ́ tí ò dé. Ó dà bí ilé tí gílóòbù ẹ̀ ò bàjẹ́, tí wáyà inú ilé ò já, ṣùgbọ́n tí iná ò wọlé láti ìta. Tẹ́ ẹ bá tẹ súwìṣì títí, kò ní tàn, ẹ ò sì ní tìtorí ẹ̀ lọ máa pààrọ̀ gílóòbù.

## Kí ni iná yẹn ń ṣe lára?

Ó ń bá ọpọlọ jẹ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ ò rí jẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní, Luigi Galvani ará Ítálì ti kọ̀wé jáde lórí ẹ̀ ní 1791, pé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú máa ń ta tí iná bá kàn án (ọ̀pọ̀lọ́ etí omi ni mò ń wí o, kì í ṣe ọpọlọ inú orí). Ní 1961, dókítà kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Wladimir Liberson gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde fáwọn tí rọpárọsẹ̀ mú tí iwájú ẹsẹ̀ wọn máa ń wọ́lẹ̀ tí wọ́n bá ń rìn. Súwìṣì kan ló fi sí gìgísẹ̀ bàtà, tí gìgísẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀ báyìí, iná á lọ sára nááfù tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, iwájú ẹsẹ̀ á gbéra, tí gìgísẹ̀ bá padà kan ilẹ̀, iná á dáwọ́ dúró. Ẹni tó ronú ẹ̀ gbọ́n, mi ò ní purọ́. Irú ẹ̀ ṣì wà títí dòní, ó kàn ti kéré sí i ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ itan. Físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá àti irú ẹ̀rọ báyìí tọ́jú ara, á nu awọ mọ́, á lẹ páàdì kan sókè itan, á lẹ òmíràn sí ìwọ̀n ìka mẹ́rin sókè orúnkún, páàdì yẹn ní jẹ́ẹ̀lì lábẹ́, ó máa ń tutù. Á wá máa yí iná sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń mọ nǹkan lára níbẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ́ ọ bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Ó yí i sí i, iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó tún yí i sí i, iṣan itan kó jọ, ó le, orúnkún na ara ẹ̀, ẹsẹ̀ gbéra kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Tí ò bá lọ dáadáa, á sún páàdì síwájú díẹ̀, ó lè má ju ìwọ̀n èékánná kan lọ, ìyẹn náà ló sì lè yí gbogbo ẹ̀ padà.

Iná ọ̀hún kì í ṣe èyí tó ń ṣàn láìdáwọ́ dúró. Ńṣe ló ń ta, tó ń dákẹ́, tó tún ń ta. Tẹ́ ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà 1,000, títa ẹ̀ kan ò sábà tó ìdajì ọ̀kan nínú ẹ̀. Tó bá ń ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, iṣan á kàn máa já fìrì, fìrì, fìrì ni. Ṣùgbọ́n tó bá tó ìgbà 20 sí 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo fìrì yẹn á so mọ́ra wọn, ẹsẹ̀ á wá gbéra geere. Torí náà àwọn tó ní wọ́n ń fi iná gbé èèyàn, iná ni lóòótọ́, àmọ́ ìwọ̀n tí nááfù lè gbọ́ ni wọ́n ń lò.

## Kí ló dé tí iná nìkan ò tó?

Torí ó ń tètè rẹ iṣan, ó ń tètè rẹ̀ ẹ́ gan-an ni.

Tí ọpọlọ bá ń rán iṣẹ́ fúnra ẹ̀, ó mọ bá a ṣe ń pín in. Àwọn okùn tín-ín-rín inú iṣan pọ̀ lọ jàra, ọpọlọ á kọ́kọ́ pe àwọn kékeré tí kì í tètè rẹ̀, á jẹ́ káwọn kan fà káwọn kan sinmi, wọ́n á máa gbà á fúnra wọn bí àwọn tó ń ti mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà, ẹni tó rẹ̀ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó ti sinmi á bọ́ síbẹ̀. Iná ò mọ ìyẹn. Àwọn kan náà tó wà nítòsí páàdì ló ń jágbe mọ́ ṣáá, gbogbo wọn á fà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á sì jọ rẹ̀, ó sì tún máa ń tètè mú àwọn alágbára tí agbára wọn kì í pẹ́ tán. Ẹ wá fi kún un pé iṣan tó ti jókòó lásán fún ọ̀pọ̀ oṣù ti gbẹ, èyí tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ gan-an ti yí padà sí irú tó máa ń tètè rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀.

Ìyàtọ̀ kejì ni pé iná ò mọ ìwọ̀n. Iṣan tó fà dáadáa lówùúrọ̀ lè má fà tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án tẹ́ ẹ bá lo iye iná kan náà, orúnkún tẹ́ ẹ fẹ́ kó na díẹ̀ lè na gbagada.

Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú ẹ̀ o. Ní àwọn ọdún 1980, ní Ljubljana tó wà lábẹ́ Yugoslavia nígbà yẹn, wọ́n fi iná nìkan mú àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti fara pa dìde, wọ́n sì rìn. Ní 1994, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan tó ń jẹ́ Parastep. Àwọn tó lò ó rìn lóòótọ́, wọ́n á di irin ìtilẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n òógùn á bò wọ́n, ọ̀nà tí wọ́n á rìn kì í sì í jìn.

## Róbọ́ọ̀tì yẹn ńkọ́?

Kì í ṣe róbọ́ọ̀tì tó ní orí tó ní ojú. Ẹ kà á sí ṣòkòtò onírin. Irin ló tẹ̀ lé ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ́ńjìnnì kékeré wà níbàdí àti lórúnkún, bátìrì wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, àwọn sẹ́ńsọ̀ sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé orúnkún ti tẹ̀ dé ibí, ara ti tẹ̀ síwájú dé ọ̀hún. Àjọ Amẹ́ríkà yẹn náà fọwọ́ sí irú ṣòkòtò yìí kan tó ń jẹ́ ReWalk ní 2014, Ekso àti Indego tẹ̀ lé e ní 2016. Àwọn kan tún wà tí kì í kúrò lójú kan, bíi Lokomat tí wọ́n ṣe ní Switzerland, wọ́n á so èèyàn rọ̀ díẹ̀ lókè, á wá máa rìn lórí bẹ́líìtì tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀.

Róbọ́ọ̀tì kì í rẹ̀, àyàfi tí bátìrì bá kú. Tẹ́ ẹ bá ní kó tẹ orúnkún dé ibì kan, ibẹ̀ gan-an ló máa tẹ̀ ẹ́ dé, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n níbí lọ̀rọ̀ àwọn tó ń pe ẹni inú ẹ̀ lẹ́rù ti ní òótọ́ díẹ̀ nínú: tó bá jẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbéra rárá ló wọ̀ ọ́, irin ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, iṣan itan kàn ń bá a lọ bá a bọ̀ ni. Iṣan tí ò bá sì ṣiṣẹ́ kì í kún. Yàtọ̀ síyẹn, tí ẹ́ńjìnnì bá máa dá gbé èèyàn, ó ní láti lágbára, agbára ń béèrè bátìrì ńlá, bátìrì ńlá ń wúwo. Láti bíi kìlógíráàmù 12 lọ dé 23 làwọn tí mo dárúkọ pé wọ́n ń wọ̀ yẹn ń wọ̀n.

## Tí wọ́n bá wá so méjèèjì pọ̀?

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ méjì yìí nìyẹn gẹ́lẹ́. (Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èwo lọmọdé nínú wọn, róbọ́ọ̀tì ni.) Iná ní agbára tí ò mọ ìwọ̀n, ó sì ń jẹ́ kí iṣan fúnra ẹ̀ ṣiṣẹ́. Róbọ́ọ̀tì mọ ìwọ̀n, kì í rẹ̀, àmọ́ kì í fún iṣan níṣẹ́. Láti 1973 làwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Tomović, Vukobratović àti Vodovnik, ti dá a lábàá pé kí wọ́n jọ máa lò wọ́n. Kọ̀ǹpútà tó kéré tó sì yára tó ni ò tíì sí nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nílẹ̀, òun ló gbé ara ró, iná wà lára iṣan iwájú itan ẹ̀ kí orúnkún má bàa yẹ̀, ẹ́ńjìnnì orúnkún náà dúró tì í, tí iṣan bá fẹ́ jùwọ́ sílẹ̀ irin á dì í mú, kò ní ṣubú. Ara tẹ̀ síwájú, sẹ́ńsọ̀ rí i. Ó ti kan ẹsẹ̀ òsì. Iná lọ sí iṣan ẹ̀yìn itan, orúnkún tẹ̀, iná míì gbé iwájú ẹsẹ̀ kó má bàa gbálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ìbàdí gbé itan síwájú, iná padà sí iwájú itan, orúnkún na, gìgísẹ̀ kan ilẹ̀. Gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Iṣan kì í sì í dáhùn lójú ẹsẹ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó fà lẹ́yìn tí iná ti dé. Ẹ́ńjìnnì kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Bíi kẹ́ ẹ máa pe ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé àti ẹni tó wà nínú yàrá pé kí àwọn méjèèjì jọ dé iwájú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ní láti tètè pe ti ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nìyẹn, á tètè rán iná ṣáájú, á wá fi ẹ́ńjìnnì tún ibi tó bá kù ṣe.

Apá tó wù mí jù lọ rèé o. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń rẹ iṣan, nígbà tí ẹni tó ni ẹsẹ̀ gan-an lè má mọ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́? Ẹ́ńjìnnì láá sọ. Tí iṣan bá ń ṣe tiẹ̀, ẹ́ńjìnnì á fúyẹ́. Tí iṣan bá ń rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í lo agbára púpọ̀ sí i kí orúnkún tó lè dé ibi tó yẹ kó dé, kọ̀ǹpútà á rí i pé ha, ẹnì kejì mi ti ń já iṣẹ́ sílẹ̀, á wá fi kún iná díẹ̀ tàbí kó jẹ́ kí iṣan sinmi, kí irin gbà á fún ìgbà díẹ̀. Ní Toledo lórílẹ̀-èdè Spain, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Kinesis ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ yunifásítì Vanderbilt ní Nashville, Amẹ́ríkà, náà sì lo irú ọgbọ́n yẹn lórí Indego. Látorí ìgbésẹ̀ kan sí èkejì ni wọ́n ti ń tún ìwọ̀n iná ṣe, bí èèyàn tó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ tó ń tọ́ ọ wò.

## Ta ni iná ò lè ṣe nǹkan kan fún?

Ẹ rántí nááfù kejì. Iná orí awọ kì í sábà bá iṣan sọ̀rọ̀ ní tààràtà, nááfù kejì yẹn ló ń bá sọ ọ́, òun ló wá ń bá a sọ fún iṣan. Tí nááfù kejì bá ti kú, irú iná tá à ń sọ yìí ò rẹ́ni rán.

Níbí lorúkọ tún ti ń tan èèyàn jẹ. Rọpárọsẹ̀ àti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jọra lẹ́nu, ẹsẹ̀ á sì rọ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Rọpárọsẹ̀, inú ọpọlọ ni, nááfù kejì ṣì wà láàyè. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, èyí tí wọ́n ń kán oògùn sí ọmọdé lẹ́nu torí ẹ̀, orísun nááfù kejì gan-an ni kòkòrò àrùn yẹn ń pa. Bákan náà ni ẹni tó fara pa nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn pátápátá, níbi táwọn nááfù kejì ti kó jọ kí wọ́n tó yà. Àwọn yìí lè wọ róbọ́ọ̀tì, àmọ́ ti iná lè má ṣeé ṣe. Físíò lè dán an wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀: á lẹ páàdì, á yí iná sókè, á wò ó bóyá iṣan máa ta.

Àwọn míì wà tí nááfù wọn dáa tí wọ́n sì ní láti ṣọ́ra: ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí láyà láti máa ran ọkàn lọ́wọ́, aboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹni tó ní egbò níbi tí páàdì máa wà, ẹni tí orúnkún ẹ̀ ti gan tí ò ṣeé nà mọ́. Egungun ẹsẹ̀ tí ò ti gbé ara fún ọdún mélòó kan máa ń fúyẹ́, ó lè kán, torí náà wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé èèyàn dìde. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ fara pa láti àárín àyà sókè, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè ru sókè lójijì tí iná bá wà lára ẹ̀, orí á máa fọ́ ọ, òógùn á bò ó lójú, ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n máa ń ní kéèyàn fara dà, wọ́n gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Awọ tí ò mọ ooru mọ́ náà lè jó láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀.

## Ṣé wọ́n á wá máa rìn láìsí ẹ̀rọ?

Ó sinmi lórí ohun tó bàjẹ́. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, tàbí tí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ ò já tán, ọpọlọ ẹ̀ ṣì ní ọ̀nà díẹ̀ tó lè gbà, tó bá ń gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀ nígbà tí iná àti irin ń ràn án lọ́wọ́, ọpọlọ lè máa kọ́ ọ̀nà tuntun, ìrìn ẹ̀ sì lè dáa sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ ẹ̀rọ kúrò. Ẹ ṣàkíyèsí "tó bá ń gbìyànjú" yẹn o. Ẹni tó kàn jókòó sínú ẹ̀ tó ń wo fóònù, kò dájú pé ọpọlọ ẹ̀ ń kọ́ nǹkan kan.

Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ já pátápátá, inú ẹ̀rọ láá ti máa rìn, tí wọ́n bá bọ́ ọ, àga oníkẹ̀kẹ́ náà ni. Èrè ẹ̀ wà níbòmíràn: iṣan ń kún padà, ẹ̀jẹ̀ ń lọ káàkiri, ọkàn ń ṣe eré ìdárayá tí kì í rí ṣe lórí àga. Kódà wọ́n máa ń fi kẹ̀kẹ́ múra iṣan sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n á lẹ iná mọ́ ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á máa wa kẹ̀kẹ́. Ní 2016, nítòsí Zurich, ìdíje kan tó ń jẹ́ Cybathlon fi irú kẹ̀kẹ́ yẹn sá ìje. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má pè é ní ìwòsàn fún yín, iye èèyàn tí wọ́n fi dán méjèèjì wò pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí kéré, àárín àwọn físíò àti onímọ̀ ló ṣì pọ̀ sí.

## Àwọn tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun

Ẹ̀rọ ìrora, TENS, náà ní páàdì àti wáyà, àmọ́ ó wà láti mú ìrora rọlẹ̀, kì í ṣe láti gbé ẹsẹ̀. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń tà pé ó ń mú ikùn wọlé, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Ṣòkòtò onírin kan tó ń jẹ́ HAL, tí wọ́n ṣe ní Japan, òdìkejì ni: kì í fi iná sára, iná kékeré tí ara fúnra ẹ̀ ń gbé jáde ló ń kà látorí awọ, tó fi ń mọ ibi téèyàn fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sí. Èyí tí ìròyìn gbé káàkiri ní 2018 láti Lausanne ní Switzerland, níbi táwọn ọkùnrin mẹ́ta ti tún rìn, iṣẹ́ abẹ ni tiyẹn, orí nááfù inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n gbé iná sí, kì í ṣe orí awọ itan.

Tí ẹnì kan yín bá wá dé ibi tí wọ́n ti ń lo iná àti irin pọ̀ fún èèyàn yín, ẹ má kàn ka iye ìgbésẹ̀ tó rìn. Lórí ojú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sábà máa ń rí iye agbára tí ẹ́ńjìnnì lò. Ẹ bi físíò léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nínú ìrìn tòní, èló ni ẹ́ńjìnnì ṣe, èló ni iṣan ṣe?" Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tún bi í lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.